Àkùkọ Tí Mo Fi Wáìnì Sè ní Mabera

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní èdè Faransé, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ni mo sì fi parọ́ fún wọn lórí ọbẹ̀ kan. Nínú ìwé tí a ń lò, àwòrán obìnrin kan wà tó ń bu adìẹ sínú àwo, ọbẹ̀ pupa rúsúrúsú yí ẹran náà ká, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ̀: àkùkọ inú wáìnì. Kò sí ọdún tí ọmọ kan kì í nawọ́ sókè láti bi mí bó ṣe rí lẹ́nu. Èmi náà á dáhùn láìṣẹ́jú pé ó dùn gan-an. N kò fẹnu kàn án rí. Níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí mi sí, Sókótó ni iṣẹ́ gbé mi wá, ilẹ̀ Faransé kò sì sí lójú ọ̀nà.

Nígbà òjò, ọmọ mi obìnrin wá kí wa láti Èkó, ó gbé ìkòkò kan dání. Iná mànàmáná ló ń lò, amọ̀ dídán ni inú rẹ̀, gíláàsì ni ìdérí rẹ̀. Kì í hó, kì í pariwo. Oúnjẹ tí èèyàn bá gbé sínú rẹ̀ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó jinná. Ọkọ mi wò ó títí, ó ní ẹni tí ebi ò pa rí ló ṣe irú ìkòkò báyìí. Láti ọjọ́ náà la ti ń pè é ní Onísùúrù. Ọmọ náà tún tú aṣọ kan nínú báàgì rẹ̀, ìgò wáìnì pupa kan ló yọ síta. Ó ní kí n lọ fi se ọbẹ̀ inú ìwé mi, kí n yéé parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ìgò yẹn pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Sókótó kì í ṣe ìlú tí èèyàn ti ń gbé ìgò ọtí kiri, èmi fúnra mi kì í sì í mu ún. Mo fi ìró wé e, mo ti Bíbélì ńlá kan dí i níwájú, bí ẹni pé Bíbélì á bá mi ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù ìlú ló ń dá mi dúró. Àlájà ni.

Àlájà ni ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àdúgbò Mabera, ọmọ Ìlọrin, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ti ju ogójì ọdún lọ tó ti ń ta àǹkárá ní Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú, tó bá sì ń ná ọjà pẹ̀lú ẹnìkan ní èdè Hausa, àfi kí èèyàn rò pé ìjà ni. Ògiri kan ló wà láàárín ilé tiwa àti tirẹ̀, ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára ògiri náà tí a kì í tì. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èkó ni ọkọ mi ṣì wà nígbà náà. Àlájà ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi láràárọ̀ nínú kúlà aláwọ̀ ewé kan, á dúró tì mí títí màá fi mu ún tán. Nígbà tí ara mi yá, mo bu ìrẹsì sínú kúlà náà kí n tó dá a padà, torí ìyá mi kò kọ́ mi láti dá abọ́ olóore padà lófìfo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ Àlájà náà. Bí kúlà yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tó ń bọ̀ nìyẹn, ọdún mọ́kànlá rèé. Túwó á bọ̀, jọ̀lọ́ọ̀fù á lọ. Tó bá ti sùn lọ́dọ̀ mi ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ara mi kì í balẹ̀.

Mo mọ ara mi. Tí mo bá ti se ohun tó dùn, ẹsẹ̀ mi á ti máa wá ọ̀nà ilẹ̀kùn yẹn. Ìdí nìyẹn tí ìgò fi jókòó títí ọyẹ́ fi dé. Nígbà tí àlùbọ́sà tuntun wá kún ọjà, wẹ́wẹ́ bí ẹyin ẹyẹlé, irú èyí tó wà nínú àwòrán ìwé mi gan-an, ọkàn mi kò gbà á mọ́. Mo pinnu pé màá sè é lẹ́ẹ̀kan péré, èmi àti ọkọ mi á jẹ ẹ́ tán, màá fọ ìkòkò, ó parí. Mọ́ínmọ́ín ni màá dì sínú kúlà Àlájà.

Mo lọ bá ẹni tó ń ta adìẹ ní Kofar Rini, mo ní zakara ni mo fẹ́, àkùkọ. Ó gbé ọ̀dọ́ kan tó sanra lé mi lọ́wọ́. Mo ní rárá, èyí tó ti gbó ni mo ń wá, torí ẹran gbígbó ni ọbẹ̀ náà fẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí ń wo aláìsàn, ó sì sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé eyín màdáámú yìí mà lágbára o. Ó rò pé n kò gbọ́ Hausa. Mo fi Hausa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé àkùkọ mi lọ.

Ìdájí Ọjọ́bọ̀ ni mo wọ ilé ìdáná. Mo ti gé ẹran náà, mo ti fi iyọ̀ àti táìmù pa á. Mo fi man shanu, bọ́tà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, dín in títí awọ ara rẹ̀ fi pọ́n. Ìlànà sísè rẹ̀ inú ìwé ní kí n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i. Mo fo ibẹ̀. Mo kó o sínú Onísùúrù, mo da àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ náà sí i lódindi, mo fi kárọ́ọ̀tì, áyù àti olú inú agolo kún un, mo wọ́n fúláwà díẹ̀ lé e lórí kó lè ki. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ṣí ìgò, mo sì dà á tán pátá. Òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Mo sáré ṣí fèrèsé, mo rántí ibi tí mo wà, mo sáré tún un tì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọkọ mi díẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì nílé ìfowópamọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ló bá kó wá bá mi. Èèyàn dáadáa ni. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó fẹ́ràn láti máa ranni lọ́wọ́. Kí n tó lọ síléèwé láàárọ̀ yẹn, ohun méjì ni mo sọ fún un: kó má ṣí Onísùúrù, kó má sì jẹ́ kí kúlà Àlájà tún sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wa. Mọ́ínmọ́ín tí mo ti sè kalẹ̀ sínú fíríìjì ló wà lọ́kàn mi, àmọ́ kò dé ẹnu mi. Tí èèyàn bá ti fẹ́ ẹnìkan fún ọgbọ̀n ọdún, a máa rò pé ó ń gbọ́ èyí tí a kò sọ.

Lọ́jọ́ náà, n kò mọ ohun tí mo kọ́ ọmọ kankan. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ márúwá já mi sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, òórùn náà ti wá pàdé mi ní géètì, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti àárọ̀ mọ́. Ó ti rọ̀. N kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi ṣí ìkòkò. Ẹran tó le bíi rọ́bà ní ìdájí ti ń bọ́ lára egungun fúnra rẹ̀. Mo fi ṣíbí bu ọbẹ̀ rẹ̀ tọ́ wò. Ó kọ́kọ́ kan díẹ̀, ó wá ki, ìgbà tó yá ni adùn àlùbọ́sà tẹ̀lé e. Èmi nìkan dá dúró sínú ilé ìdáná, mo ń rẹ́rìn-ín. Irọ́ tí mo ti ń pa láti gbogbo ọdún yìí wá, òótọ́ ni.

Mo mú àwo pé kí n bu ti ọkọ mi. Itan ni mo fẹ́ bù fún un. Mo fi ṣíbí wá inú ìkòkò títí, n kò rí itan kankan. Inú bí mi burúkú. Mo ké sí i ní pálọ̀ pé ta ló jẹ itan àkùkọ mi.

Ó jáde wá tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní òun ò jẹ nǹkan kan o, òun ò tiẹ̀ lá a. Ó ní ṣé mo sọ pé kí kúlà Àlájà má sùn mọ́jú níbí, òun ti bá mi dá a padà, àti pé òun kò fi egungun ṣe àbùkù wa, ibi tó dára jù lòun bù fún wọn.

Mo gbé àwo sílẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé wáìnì ni mo fi sè é. Ó ní òun rò pé bó ṣe ti wà lórí iná láti àárọ̀, ọtí inú rẹ̀ á ti gbẹ. Mo ní ṣé ó lè gbójú sókè kó sọ bẹ́ẹ̀ fún Àlájà? Ó ronú sí i, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó fìdí lé àpótí tí mo fi ń jókòó gé ẹ̀fọ́.

Obìnrin tó ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ọtí láti kékeré, tó ti dé Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi ló fẹ́ ti jẹ ẹ́. Kì í ṣe ní ilé àlejò, kì í ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Inú kúlà tirẹ̀, nínú ọgbà tirẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí mo lè bẹ̀ tí yóò yọ ọ́ kúrò nínú ikùn rẹ̀. Mo sáré.

Láàárín ilé ìdáná mi àti ilẹ̀kùn kékeré yẹn, irọ́ mẹ́ta ti tò sẹ́nu mi. Mo lè ní iyọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Mo lè ní eṣinṣin kó sí i. Mo lè ní ti àlejò kan ni, pé ọkọ mi ló ṣì í gbé. Èyíkéyìí nínú wọn ló máa gba kúlà náà padà, kò sì ní í mọ̀ láyé. Ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yìí kan náà parọ́ fún odidi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí ló tún kù tí yóò máa tijú?

Àlájà jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi dongoyárò, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kúlà wà níwájú rẹ̀, ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí. Ìgbà náà ni mo rántí pé Ọjọ́bọ̀ ni, pé ó máa ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, oòrùn kò sì tíì wọ̀. Kò tíì fẹnu kàn án. Ó kí mi ní sannu, ó sún sẹ́yìn díẹ̀ kí n lè ráyè jókòó sórí ẹní.

Bó ṣe sún yẹn ló dá irọ́ ẹnu mi dúró. N kò jókòó. Mo kúnlẹ̀.

Mo ní, “Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́. Wáìnì ni mo fi sè é. Ọtí ni. Tiwa ni mo sè, àṣìṣe ló gbé e dé ọ̀dọ̀ yín.”

Ó ka tẹ̀súbáà rẹ̀ dé ibi tó ń kà á dé. N kò lè gbójú sókè.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Ọkọ rẹ ò tíì gbé e kalẹ̀ tí mo ti gbóòórùn ẹ̀. Ọjà ni mo dàgbà sí, Tísà, kí ló wà tí imú mi ò mọ̀?”

Mo bi í pé tó bá mọ̀, kí ló dé tí kò dà á nù.

“Ìwọ ni mo ń dúró dè. Mo ní bó bá jẹ́ àṣìṣe, o ò ní í jẹ́ kí oòrùn wọ̀ kó o tó dé.”

“Tí n kò bá wá ńkọ́, Àlájà?”

Ó wò mí. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà.

“Màá dà á sílẹ̀, màá fọ kúlà, màá sì gbé túwó sínú ẹ̀ fún ọ lọ́la, wallahi. Kò sóhun tí ì bá yí padà lójú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá rèé, Tísà, n kò bi ọ́ rí pé kí ló wà nínú ẹ̀. Láti òní lọ, èmi ì bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́.”

Mo bú sẹ́kún. Ó jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn, ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní ó tó, pé ọjọ́ ti ń lọ, pé ẹni tó gbààwẹ̀ ò lè fi omijé ṣínu, kí n lọ wo ohun tó wà nílé mi kí n gbé e wá.

Mo gbé kúlà náà lọ sílé. Ọkọ mi ṣì wà lórí àpótí. Mo sọ fún un pé ó tán, kó lọ jẹun, pé itan méjèèjì ti padà dé. Mo gbé mọ́ínmọ́ín jáde, mo mú un gbóná lórí gáàsì, mo sì wá àwo funfun kan tí n kò tíì lò rí. Wọ́n ti ń pe ìrun Mọ́gàríbì nígbà tí mo padà dé abẹ́ igi. Àlájà ti jẹ èso dàbínù kan, ó ti mu omi sí i. Mo gbé àwo síwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ pé kí n kó aṣọ mi jọ kí n lè jókòó. Kí ìdí mi tó kan ẹní, ó ti tú ewé, ó ti bù ú sẹ́nu láìbi mí ní nǹkan kan.