Ọkọ̀ Dẹ́mò Aláwọ̀ Aró

Ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí gbogbo àwa tí a ń lọ láti ilé dé ilé láti tọ́jú àwọn arúgbó ní Thamesmead, ní London. Wọ́n ní láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá ní ọkọ̀ nìkan ni yóò máa ṣe ọ̀nà Thamesmead, nítorí pé bọ́ọ̀sì ń mú wa pẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kíláàsì kejì girama ni ìwé mi ti dúró, nítorí náà ohun tí mo bá kà lẹ́ẹ̀kan, n kì í gbà á gbọ́ títí n ó fi tún un kà. Bákan náà ló ṣe wà.

Ilé iṣẹ́ yẹn ló kọ ìwé tí mo fi wọ ìlú yìí. Tí wákàtí iṣẹ́ mi bá wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìwé náà kò ní fún mi láyè láti dúró níhìn-ín mọ́. Gbogbo àwọn arúgbó mi, Thamesmead ni wọ́n wà.

Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá òyìnbó kan ní Yarnton Way, ní òkè kẹta, tí mo máa ń wẹ̀ láràárọ̀. Ojú rẹ̀ ti ṣú, òjìji nìkan ló ń rí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ohùn mi ti máa ń jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, bóyá nítorí pé kò lè rí ojú mi. Láti kékeré ni mo ti ń tijú. Níwájú ẹni tí mi ò mọ̀, ọ̀rọ̀ á dúró sí mi lọ́fun. Ti orí fóònù ló wá burú jù. Tí mi ò bá ti rí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní á sá lọ, nítorí náà nọ́ńbà tí mi ò bá mọ̀, n kì í gbé e.

Ọkọ ìyá náà ti ṣiṣẹ́ rí lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn sọdá ní Woolwich. Ó ti pẹ́ tí ìyá náà ti dé etí odò kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé mo ti yege nínú ìdánwò ọkọ̀ wíwà, mo ti gba láísẹ́ńsì, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ó dáa, ìwọ lo máa gbé mi lọ sí etí odò.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣèlérí fún un.

Ilé ìtajà ọkọ̀ kan wà lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì mi ń gbà. Ọkọ̀ kékeré kan wà níwájú níbẹ̀, aláwọ̀ aró, tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ gíláàsì rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, mo bọ́ sílẹ̀ kí n lè ka ìwé náà dáadáa. Dẹ́mò ni. Ìyẹn ni ọkọ̀ tuntun tí oníṣòwò yà sọ́tọ̀, kí àwọn tó fẹ́ ra irú rẹ̀ lè wà á yí àdúgbò ká kí wọ́n tó pinnu. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á tà á ní iye tó dín sí ti tuntun. Kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe tòkunbọ̀. Wọ́n ní èèyàn lè máa san án lóṣooṣù, ṣùgbọ́n owó àkọ́kọ́ tí wọ́n bèèrè ju èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ.

Mo gbé e lọ sọ fún Àǹtí. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gba yàrá kan sí ní Glyndon Estate. Ilé ẹjọ́ tó wà ní Belmarsh ni wọ́n ti ń ṣe ìmọ́tótó, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wá sí London, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági, n’Ìbàdàn.

Àǹtí ní, “Dẹ́mò? Ṣé irú aṣọ tí a máa ń ta síwájú ìsọ̀ nìyẹn? Tí oòrùn ti pa, tí gbogbo ọlọ́wọ́ epo ti fọwọ́ kàn?”

“Ó jọ ọ́, Àǹtí.”

“Kò sẹ́ni tó ń ra ìyẹn ní iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè. Ìdí mélòó ló ti jókòó sórí àga ọkọ̀ náà? Kí wọ́n yọ owó ìdí kúrò!”

Mo bú sẹ́rìn-ín.

“Má rẹ́rìn-ín tá a bá débẹ̀ o. Ojú ẹ yìí kì í bo àṣírí. Tí wọ́n bá ti rí i pé ó wù ẹ́, ó parí nìyẹn. Lejú koko. Tó bá gba pé kí a dìde, a máa dìde, a máa máa lọ. Wọ́n á pè wá padà.”

A lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dá wa lóhùn. Ó ṣí ọkọ̀ náà fún mi. Ẹni gíga kan ló ti wà á kẹ́yìn, wọ́n ti ti àga náà sẹ́yìn pátápátá. Mo fà á síwájú. Ẹsẹ̀ mi rí ìjánu, ọwọ́ mi bọ́ sórí ìtọ́kọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi mí wọ̀n ọ́n. Mo fi ojú inú rí ìyá òyìnbó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ tó nípọn. Mo yára lejú.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. “Ṣé ó wù ọ́? Ṣé kí o wà á yí ká díẹ̀?”

Mo ń wo bàtà rẹ̀. Àǹtí ni ó dá a lóhùn pé, “Kò wù ú tó bẹ́ẹ̀. Kò ní wà á.” Wọ́n wá fi Yorùbá sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Tó o bá wà á, a kú nìyẹn.”

Nígbà tí a wọlé jókòó, tí ọkùnrin náà béèrè iye tí a fẹ́ san, Àǹtí dá iye kan lé e. Ó wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun ní láti bi ọ̀gá òun, ọ̀gá náà kò sì tíì dé. Ó fún mi ní ìwé kí n kọ orúkọ àti nọ́ńbà mi síbẹ̀. Mo kọ ọ́.

Àǹtí ní, “Ọ̀gá wo? Irọ́ tí a máa ń pa nísọ̀ nìyẹn, pé ‘ọjà mi kọ́’. Dìde, ká máa lọ.”

A jáde. Àǹtí di ọwọ́ mi mú. “Rọra rìn. Má wẹ̀yìn. Ní Gbági, o ò tíì ní dé ìsọ̀ kẹta tí wọ́n á fi kígbe.” A rọra kọjá lára àwọn ọkọ̀ tó ń dán. A dé ẹnu géètì. A dé ibi ìdúró bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì kan dé, Àǹtí ní ká jẹ́ kó lọ. Òmíràn dé, a tún jẹ́ kó lọ.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà ń sáré bọ̀, ó ń ju ọwọ́ sí wa. Àǹtí fún ọwọ́ mi pọ̀. “Ṣé mo wí fún ẹ àbí mi ò wí?”

Agboòrùn Àǹtí ló mú dání. Wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ sórí àga níbẹ̀. Ó kí wa, ó ní òun á bá mi sọ̀rọ̀, ó sì padà.

Mo ní, “Àǹtí, ó ní òun á bá mi sọ̀rọ̀.”

“Bí òyìnbó ṣe ń sọ pé ó dàbọ̀ nìyẹn. Gbàgbé ẹ̀.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó tì í títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí à ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rò pé ilé iṣẹ́ mi ni, pé wọ́n fẹ́ bi mí bóyá mo ti ní ọkọ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí mo kúrò ní Yarnton Way, mo pinnu. N ó san iye tí wọ́n bèèrè, n ó bẹ Àǹtí kí n fi owó yàrá oṣù náà kún un. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: mo fẹ́ ra ọkọ̀ aláwọ̀ aró náà. Mo sọ ọ́ títí ó fi yọ̀ lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo débẹ̀, ààyè ọkọ̀ náà ti ṣófo.

Ọkùnrin náà rí mi, ó sì jáde wá. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́. Mo fi ohùn sílẹ̀ fún ọ.” Ó ní ọ̀gá òun gba iye tí Àǹtí dá, díẹ̀ ló fi lé e. Wọ́n dúró dè mí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí tọkọtaya kan tó wá rà á. Ó ní dẹ́mò mìíràn yóò wà, ṣùgbọ́n ó di bí oṣù mẹ́fà. Mo ní ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ nínú bọ́ọ̀sì ṣì wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Ní ibi ìdúró bọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ohùn tó fi sílẹ̀. Inú ọkùnrin náà ń dùn nínú ohùn náà. Ó pe orúkọ mi bó ṣe yẹ gan-an. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti fi kọ́ra kó tó pè.

Nílé, Àǹtí béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà. Mo ní wọ́n ti tà á.

“Àwọn èèyàn yìí ò mọ ọjà rárá! À ń ná an lọ́wọ́, wọ́n lọ tà á fún ẹlòmíì.”

Tí n bá sọ ti fóònù náà, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé e, mi ò sì ní èsì kankan tí àgbà lè gbọ́.

Mo wá àlòkù tí owó mi ká, mi ò rí èyí tó ń rìn. Oṣù parí. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, mo wẹ ìyá náà, mo nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ilé iṣẹ́ ní kí a má sọ fún àwọn arúgbó náà pé ẹlòmíràn ń bọ̀ rọ́pò wa, pé ọ́fíìsì á sọ ọ́.

Ìyá náà ní, “Ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé o ti rà á?”

Mo ní, “Mo ti rà á.”

“Àwọ̀ wo ni?”

“Aró.”

“Ó wà nísàlẹ̀?”

“Ó wà nísàlẹ̀.”

Ó yí ojú sí fèrèsé tí kò lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí òjò bá dá, a ó lọ sí etí odò. Ó bi mí bóyá àga ọkọ̀ náà rọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí àga náà ṣe ń lọ síwájú, bí ó ṣe ń dán, bí ọwọ́ mi ṣe bá ìtọ́kọ̀ náà mu. Gẹ̀ẹ́sì náà jáde geere, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sọ̀kalẹ̀ lọ dúró de bọ́ọ̀sì.