Akọ̀wé Tó Ń Fi Pẹ́ńsù Kọ Orúkọ Àwọn Ọmọ Wa

Abẹ́ fìlà ni akọ̀wé yẹn máa ń ki pẹ́ńsù rẹ̀ bọ̀. Nígbà tí Minna ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú ìlú ìpínlẹ̀, òun ló ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò ríran tí ìjọba fẹ́ ya owó iléèwé sọ́tọ̀ fún; ọmọ mi wà lára wọn.

"Sai haƙuri, ẹ ṣe sùúrù, Màmá," ni yóò wí. "Tówó bá jáde, màá fi báírò tẹ orúkọ rẹ̀."

Ọdọọdún ló ń pa ọjọ́ orí ọmọ mi rẹ́, tí yóò sì kọ tuntun. Lọ́dún kẹrin, ó rọra ní, "Màmá, ó ti dàgbà ju àwọn tí wọ́n ń gbà lọ." Ó mú rọ́bà, ó ń fi pa orúkọ náà rẹ́.

Ọmọ mi gbọ́ bí ọwọ́ akọ̀wé ṣe ń lọ lórí ìwé, ó fà mí láṣọ.

"Màámi, ṣé orúkọ mi ni wọ́n ń kọ yẹn?"