Àwọn Ẹja Onírin Bàbá Rìsí

Òórùn gírísì tó ti gbóná lára irin ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí ojú mi tó rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin gbé èmi àti Tofúnmi, ọmọ rẹ̀, láti Kado lọ sí ọgbà ìṣeré kan láàárín ìgboro Àbújá. Apá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe bí ìlú inú fíìmù àwọn ọmọdé kan, pẹ̀lú ààfin, afárá, àti ẹṣin aláràbarà tí ń yí po. Ọmọ mi ní ká má wulẹ̀ dé apá ibẹ̀. Ó ní apá kejì fíìmù náà ti já àwọn èèyàn kulẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi wó ìlú náà, kí wọ́n fi ti fíìmù mìíràn rọ́pò rẹ̀. Mo di ọwọ́ Tofúnmi mú, a kọrí síbẹ̀. Òórùn gírísì náà ti gbé mi lọ sí Gwagwalada, sí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Gwagwalada sí ìlú yunifásítì àti ọsibítù ńlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ìyẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Nígbà tiwa, ilẹ̀ pupa ni, àti koríko tó ga ju ọmọdé lọ, àti àwọn katakata tó ń la ọ̀nà Àbújá tuntun, tí eruku wọn ń bà sínú ọbẹ̀ wa. Bàbá mi, ará Kàbbà, ń bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwa àti wẹ́dà kan, ajórin tó wá láti Ṣakí, la jọ ń gbé agboolé kan náà. Bàbá Rìsí là ń pè é, nítorí Rìsíkátù ọmọ rẹ̀, tí í ṣe ẹgbẹ́ mi àti ọ̀rẹ́ mi. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá mi máa ń ní bó bá ti lè kí èèyàn láàárọ̀, ó tún di ọ̀la. Ṣùgbọ́n kò sí irin tí àwọn tó ń la ọ̀nà jù nù tí kì í rí nǹkan fi ṣe.

Lẹ́yìn ìkórè ọdún yẹn ni àwọn onísinimá kan gbé ọkọ̀ wá. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ wa. Bí ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n fi ìtàn ọmọ ọba obìnrin kan hàn wá, tó ń gbé ìlú abẹ́ odò, tó ń gun ẹja bí ẹni gun ẹṣin. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ọmọdé tó rìn bí èèyàn ní Gwagwalada. Ńṣe là ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí kànga, tí a sì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ilé ìwé. Àwọn onísinimá náà ṣèlérí pé àwọn á mú apá kejì bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàbá Rìsí náà wò ó. Nígbà tó fi máa di oṣù kan, ó ti ri irin ńlá kan mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó fi bẹ́rìn lọ́rì, irin tó ń jẹ́ kí táyà yí, sí i lórí, ó sì jó ẹja mẹ́fà mọ́ ọn yíká, tí ọmọdé lè gùn kí wọ́n sì máa yí po. Ìpẹ́ ara wọn, agolo mílíìkì ló gé wẹ́wẹ́ ṣe é. Ojú wọn, gíláàsì iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Bí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, ojú méjìlá á pọ́n bẹ̀lẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu wa á sì yà sílẹ̀. Mo ti wọ ọkọ̀ òfurufú láti ìgbà náà, àmọ́ ọkàn mi kò tíì fò bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn ìyá ń kó ọmọ wọn wá láti Abaji. Ẹ̀pà ìkúnwọ́ kan ni wọ́n fi ń gùn ún, ẹni tí kò bá sì ní ẹ̀pà, yóò gùn ún náà.

Ṣùgbọ́n Rìsí kò wo sinimá yẹn. Ibà ló dá a dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ó ní ká sọ ìtàn náà fún òun. Ọmọ márùn-ún sọ ọ́, ìtàn márùn-ún ló jáde. Nígbà tó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀. Ó ní ẹja bàbá òun kì í ṣe ẹja odò rárá. Inú òjò tí kò tíì rọ̀ ni wọ́n ń gbé, lókè lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá sì ń yí, òjò náà ni wọ́n ń wá lọ. A sọ fún un pé kò mọ nǹkan kan, nítorí kò wo sinimá.

Ọdún yí po, àwọn onísinimá padà dé, gbogbo ìlú sì jáde. Nǹkan ìtìjú ni. Ọmọ ọba wa ti kúrò lábẹ́ odò, ó ti di akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan, kò sì sí ẹja kankan nínú sinimá náà àfi èyí tó ń dín fún ọkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ń pòṣé. Àwọn ọmọ kan sunkún délé.

Láti ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni ò wá sídìí igi máńgòrò mọ́. Àwọn ọmọkùnrin tó jù wá lọ á kọjá, wọ́n á bi Bàbá Rìsí bóyá òróró ti gbóná. Èmi náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo bá wọn rẹ́rìn-ín, Rìsí sì rí mi. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn le, òjò kọ̀, kò rọ̀. Adìyẹ kan ń yé ẹyin sábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹja náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Rìsí gbé iná tó fi ń gé irin jáde. Ẹnì kan ti ní kó fi irin náà ṣe géètì fún òun. Rìsí sáré gun ẹja kan, ó sì fọwọ́ méjèèjì dì í mú. Bàbá rẹ̀ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kó sọ̀ kalẹ̀, pé sinimá ló bí àwọn ẹja náà, sinimá sì ti bàjẹ́.

Rìsí ní, “Bàbá, èmi ò wo sinimá yẹn. Ṣé ẹja tèmi náà ti bàjẹ́ ni?”

Ọkùnrin náà dúró. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí, ó wá pa iná. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo wà tí ojú ń tì mí. Mo rìn lọ, mo gun ẹja tó wà lẹ́yìn tirẹ̀. Rìsí ò ní kí n sọ̀ kalẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí obìnrin Gbàgyí kan fi ń kọjá, ó gbé igi ìdáná lé èjìká gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ọmọ méjì sì tẹ̀ lé e. Ó fi “Sànnu” kí wa, ó sì fi Hausa bèèrè irú ẹja tí ń gbé orí ilẹ̀ gbígbẹ. Rìsí ní ẹja òjò ni, òjò ni wọ́n ń wá. Obìnrin náà gbójú sókè wo sánmà, tí kò ní ìkùukùu kankan. Ó ní, “Yauwa,” pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó sọ igi rẹ̀ kalẹ̀, ó sì gbé àwọn ọmọ rẹ̀ gun ẹja.

Àwọn ọmọ abúlé tí kò mọ sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ìgboro náà ń yọ́ padà bọ̀. Orí ẹja la wà lọ́sàn-án ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ dé. Àwọn ìyá wa ń pè wá, kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀. Òjò ń lu ìpẹ́ agolo wọ̀nyẹn, gbogbo wọn ń dún, gbogbo wọn ń kọ mànà, eruku ọlọ́jọ́ pípẹ́ sì ń ṣàn kúrò lára wọn. Bàbá Rìsí ń tì wá sáré, ó ń tì wá, òun náà wá fò gun ẹja tó ṣófo. Fìlà rẹ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Mi ò sọ pé ẹja onírin ló mú òjò wá o. Ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé bàbá mi kúrò níbẹ̀, a sì kó lọ. Kò sí fóònù nígbà náà. Èmi àti Rìsí ò fojú kan ara wa mọ́. Ẹ̀yìn ni mo gbọ́ pé nígbà tí bàbá rẹ̀ ń padà sí Ṣakí, ó fi ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ta abúlé obìnrin Gbàgyí yẹn lọ́rẹ, lójú ọ̀nà Abaji.

Mo yà sí abúlé náà lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí aláìsàn ní Gwagwalada. Agboolé wa ti di ilé olókè, sinimá yẹn ti di ohun ìgbàgbé, kódà èmi gan-an ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹja mẹ́rin ṣẹ́ kù. Wọ́n ti kùn wọ́n láìmọye ìgbà. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó sórí ọ̀kan, mo sì bi í pé kí ni wọ́n ń pe ohun tó gùn yẹn. Ó ní àgbọ̀nrín ni, ó sì sọ ibi tó ń lọ àti ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ fún mi. Kò sí odò nínú ìtàn rẹ̀, kò sí òjò, kò sì sí ọmọ ọba. Mo dúró nínú oòrùn, mo gbọ́ ọ tán.