Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì Tó Ń Ṣí Kọ̀ǹpútà

Bàbá Má-dà-á-nù, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ti papò dà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sin ín. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú náà tí kò mẹ́nu ba bàtà. Ìyàwó rẹ̀, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tẹ́tí sí wọn títí, ó kàn ń mi orí. Òun ló ni bàtà ọ̀hún.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ilé ìkàwé tó fara ti ọgbà wọn kún fún kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tí bàbá jí dìde. Ó yọ díìsìkì tó ti bàjẹ́ kúrò nínú wọn, ó kó ètò Línúùsì tó ń tan kọ̀ǹpútà sórí fíláàṣì kéékèèké, ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti fíláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó tàn án, ojú rẹ̀ á là. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń ki fíláàṣì sápò, wọ́n ń gbàgbé, wọ́n ń gbé e lọ sílé. Bàbá bá so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tí kò lè wọ àpò: ìdérí ìkòkò, igi ìgbálẹ̀, àti bàtà pupa ìyàwó rẹ̀, ti ẹsẹ̀ òsì nìkan.

"Ta ló máa jí bàtà ẹsẹ̀ kan?" ni ó wí.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ìlú wá bẹ ilé ìkàwé wò, alábòójútó ibẹ̀ sáré jáde pàdé rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Bàtà ló wà lọ́wọ́ náà. Àlejò gbà á, ó yí i wò lókè nílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ńkọ́?"

Bàbá dáhùn láti ẹ̀yìn, "Ó wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi, sà. Ìjà yẹn ò tíì parí."

Bó ṣe rí àwọn kọ̀ǹpútà náà gan-an, ìtàn ni. Ọ́fíìsì kan fẹ́ kó wọn dà sí ààtàn, bàbá sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí wọn.

"Bàbá, wọ́n ti kú," ni ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù wí.

"Ta ló yẹ̀ wọ́n wò?"

"Ọ̀gá wa ni."

"Ṣé dókítà ni?"

"Bàbá, ẹ kó wọn, ẹ jẹ́ n sinmi."

"Kí n wá gbé wọn lé orí kí ni? Tábìlì wọn dà?"

Kó tó di ọ̀sán, ọkùnrin náà ti fún un ní kọ̀ǹpútà, ó fi tábìlì kún un, ó fi àga lé e, ó bá a fi ọmọlanke tì wọ́n délé, ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá.

Àmọ́ àwọn arúgbó kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ò lè dá ronú. Bàbá bá wá ẹ̀rọ ńlá kan tí yóò máa ronú fún gbogbo wọn, ó fi wáyà gba ojú fèrèsé dé ilé ìkàwé. Ohun tí èèyàn bá ń rí lójú kọ̀ǹpútà níbẹ̀, inú ẹ̀rọ ńlá yìí ló ti ń ṣẹlẹ̀. Abẹ́ ibùsùn wọn ló sì gbé e sí, nítorí yàrá yẹn ló tutù jù.

"Ó ń kùn bí oyin! Ẹ kúkú mú orogún wá bá mi," ni ìyá wí.

"Orogún tí kì í jẹun, tí kì í bèèrè aṣọ! Ọpẹ́ ló yẹ kó o máa dá."

"Kí ló dé tí àwọn ti ilé ìkàwé ò lè ronú fúnra wọn?"

"Wọ́n ti dàgbà ni. Àgbàlagbà tí kò lè sáré mọ́, ṣebí ó ṣì ń ríran, ó ṣì ń gbọ́ràn? Kí ẹlòmíràn máa bá a sáré."

"Èmi ni mò ń sáré nínú ilé yìí," ni ìyá dá a lóhùn.

Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ń kanra nílé ìkàwé pé kọ̀ǹpútà pẹ́ kó tó là, ìyá á yọjú lójú fèrèsé: "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ó ń rọbí ni."

Lẹ́yìn ìsìnkú, àkọ́bí wọn obìnrin pa ẹ̀rọ ńlá náà. Ó fẹ́ mú ìyá lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n sì ti ilé pa. Ìyá ò bá a jiyàn. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ilé ti wá dákẹ́ rọ́rọ́, oorun sì kọ̀, kò wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, alábòójútó ilé ìkàwé wọlé, bàtà pupa lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti nù ún, ó ti tú fíláàṣì kúrò lára rẹ̀.

"Mo ní kí n dá a padà kí ẹ tó lọ, mà. Ojú gbogbo wọn ti ṣókùnkùn."

"Àwọn wo ló ń lò wọ́n báyìí?"

"Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ni. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti máa ṣèdánwò lọ́jọ́ Mọ́ńdè. A ti ní kí wọ́n wá ibòmíràn."

"Ṣé wọ́n rí?"

"Rárá, mà."

Ìyá wọ yàrá lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ó fi etí lé ẹ̀rọ náà bó ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tuntun. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ó ń mí," ni ìyá wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó jáde, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. "So fíláàṣì yẹn padà síbi tó wà. Kó o sì so òmíràn mọ́ èyí."

"Ìjà yẹn ti parí nìyẹn, mà?"

"Kò parí. Mi ò rí ẹni bá jà mọ́ ni."

Ọmọ rẹ̀ tó ń di ẹrù gbé orí sókè. "Mọ̀ọ́mì, ìgbà wo la wá ń lọ?"

"Ìwọ máa lọ, ọmọ mi. Agbẹ̀bí kì í fi ẹni tó ń rọbí sílẹ̀."

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìdánwò náà. Ìyá ti ṣèlérí pé òun á wà níbẹ̀, kí òun lè rí bí ojú àwọn kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa là lọ́kọ̀ọ̀kan. Sálúbàtà ni yóò wọ̀ lọ, nítorí bàtà rẹ̀ méjèèjì ti ríṣẹ́.