Wákàtí Kan Tí Òfin Fún Akorfa

Èmi ni mò ń dáná sí ààrò búrẹ́dì Màmá Enyonam ní Keta, létí òkun Ghana, ọdún kọkànlá rèé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá sọ ìtàn obìnrin yìí fún mi. Ó bẹ̀rù òfin ju òkun lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òkun ti gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ.

Tẹ́lẹ̀, bí aago méjìlá bá ti lù, abọ́ ńlá kan ṣoṣo là ń jẹ. Màmá á ro akple, òkèlè àgbàdo wa, fúnra rẹ̀, á se ọbẹ̀ ilá sí i, èmi, òun àti Akorfa tó ń po ìyẹ̀fun á yí abọ́ ká. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Ìdí abọ́ yẹn ló ti ń bú wa, ibẹ̀ náà ló ti ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kò lè jẹ òkèlè mẹ́ta kó má ránni níṣẹ́. "Akorfa, lọ yẹ ìyẹ̀fun wò. Senyo, iná ń kú lọ."

Ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan dé láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó bá wa nídìí abọ́, ó sì gbọ́ bí Màmá ṣe ń rán wa níṣẹ́. Ó ní òfin ti yí padà: wákàtí oúnjẹ, ti òṣìṣẹ́ ni, ọ̀gá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó bá a wí níṣojú wa bí ọmọ ilé-ìwé.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Màmá ra ìwé kan. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ òfin iṣẹ́ lórí rédíò, á jókòó tì í, á máa kọ ọ́ sínú rẹ̀, á sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ògiri. Èyí tó bá yí padà, á ya ti àtijọ́ kúrò lára ògiri, á lẹ tuntun mọ́ ọn. Ó fún wa ní ìwé àdéhùn iṣẹ́, ó ra ìbọ̀wọ́ fún mi nítorí ooru ààrò. Mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ti wákàtí oúnjẹ nìkan ló ṣì gbọ́: ó gbà pé òfin ní kí òun má bá wa jẹun mọ́.

"Ẹnu mi kò ṣeé fọkàn tán," ó ní. "Bí mo bá jókòó tì yín, màá rán yín níṣẹ́. Ẹ máa lọ jẹ tiyín."

Inú mi dùn. Mo ń lọ sùn lábẹ́ igi àgbọn, Akorfa ń jẹ tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Màmá á dá jókòó ti abọ́ kékeré, á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, á máa wo ọ̀nà. Ọdún mẹ́ta ló fi jẹun báyẹn. Ó ń ṣe mí láàánú, àmọ́ oorun máa ń borí àánú náà.

Lọ́dún tó kọjá, rédíò ní ọ̀gá kò gbọdọ̀ gbójú fo ìsinmi ọdọọdún mọ́. Akorfa kò gba ìsinmi rí fún ọdún mẹ́rìndínlógún.

"Màmá, ibo ni kí n lọ?"

"Lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ ní Anfoega. Àbí o fẹ́ kí wọ́n tún wá bú mi ni?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Akorfa lò lọ́hùn-ún. Bí mọ́tò bá ti dún, Màmá á yọjú. Nígbà míì á pe orúkọ rẹ̀, á wá rántí pé kò sí nílé.

"Àárò ọmọ yẹn ń sọ mí, Senyo."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ lé e lọ."

"Òfin ló lé e. Koná ẹ jàre."

Akorfa padà lọ́jọ́ tó pé gẹ́lẹ́, ó sì fi lẹ́tà lé Màmá lọ́wọ́. Ojú ìyá Akorfa ti fọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò tọ́jú rẹ̀. "Mo kà á lára ògiri yín," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, kó sọ fún ọ̀gá ẹ ní oṣù kan ṣáájú."

Màmá wo ògiri, ó wo lẹ́tà. "O kà á dáadáa." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó sọ fún mi pé ohun kan ṣoṣo ni òun ń fẹ́, kí òun àti Akorfa tún jẹun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ.

"Ẹ sọ fún un."

"Bí ọ̀gá bá bẹ̀bẹ̀, àṣẹ ni. Wákàtí yẹn kì í ṣe tèmi. O ò sì gbọdọ̀ sọ fún un."

Mi ò sọ. Oṣù ń lọ, Màmá ń wo ọ̀nà.

Ọjọ́ tí oṣù pé, aago méjìlá lù, Akorfa wọlé. Abọ́ ńlá àtijọ́ yẹn ló gbé, akple àti ọbẹ̀ ilá ló wà nínú rẹ̀. Màmá dìde fìrì.

"Akorfa, wákàtí tìẹ nìyí. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Tèmi ni, Màmá. Ṣé òfin sọ ibi tí n ó ti lò ó?"

Màmá mú ìwé rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí níbẹ̀. Kò fìgbà kankan sí níbẹ̀. Ojú tì mí, torí èmi náà ì bá ti dìde lábẹ́ àgbọn yẹn, kí n wá bá a jẹun, lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún mẹ́ta.

Mo fọwọ́, mo jókòó. Màmá bu òkèlè kan, ó gbé e mì. Ó la ẹnu, a mọ̀ pé iṣẹ́ ló fẹ́ rán wa. Ó pa ẹnu dé, ó wo aago.

"Ẹ rọra máa jẹ ẹ́," ó ní. "Wákàtí kan gbáko ni òfin wí. Kí ẹnikẹ́ni má dìde kó tó pé."