Eré Àsápajúdé Tíṣà Mọ́tò

Dókítà ní kó máa rìn, Tíṣà Mọ́tò gbọ́ pé kó máa sáré. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń jókòó sí, nínú ọkọ̀ kékeré kan tó ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ já sí gọ́tà, tàbí tó rí iná pupa tó rò pé ọ̀ṣọ́ ni, Tíṣà á tẹ bíréèkì, á ní, "Ẹni tí ò mọ ibi tí yóò dúró sí, kò tíì mọ ọkọ̀ wà." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó kọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Àmọ́ ìjókòó ojoojúmọ́ ti ti ikùn rẹ̀ síwájú, bẹ́líìtì rẹ̀ sì ti lọ fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀. Dókítà wò ó títí, ó ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀! Kí ọdún tó yí po, Tíṣà ti di ọ̀gá láàárín àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ wá wo ìwọ̀ntúnwọ̀nsì! Àwọn àgbààgbà tí wọ́n wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, tí wọ́n ń sá kiri àdúgbò láàárọ̀ Sátidé, láìsí ẹni tó ń lé wọn. Wọ́n ní kì í ṣe eré ìje. Wọ́n ní èèyàn lè sáré, kó bá ọ̀rẹ́ jẹun, kó mu wáìnì, kó tọ́jú ilé, kí ọ̀kan má sì pa èkejì lára. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, kò sẹ́ni tó lè bá wọn jiyàn. Àmọ́ bí wọ́n bá sáré tán tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ, ọ̀rọ̀ èékánná ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ. Ẹnì kan á ní tòun ti dúdú, èkejì á ní tòun ti re. Lórí oúnjẹ o!

Kí eré tó wọlé, Káfíńtà ló ni Sátidé. Ọ̀rẹ́ Tíṣà ni, láti ìgbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n ẹnikẹ́ni nínú wọn. Òun ló kan tábìlì tó wà ní pálọ̀ Tíṣà, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú díẹ̀ nítorí pé ọtí wà lójú Káfíńtà lọ́jọ́ tó gé e. Ìdí tábìlì yìí ni wọ́n máa ń wà lọ́sàn-án Sátidé, tí wọ́n á jẹ adìyẹ yíyan, tí wọ́n á ṣí ìgò wáìnì kan, tí wọ́n á máa bú ara wọn títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Ìyá Ìbejì, ìyàwó Tíṣà, á ní òun ò mọ èyí tó ya wèrè jù nínú àwọn méjèèjì, á tún fa àga, á jókòó tì wọ́n.

Nígbà tí eré dé, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ awọ ara adìyẹ, á tò ó sétí abọ́. Èyí tó bí Káfíńtà nínú jù ni ti wáìnì. Tíṣà lọ wá ife kékeré tí wọ́n fi ń wọn oògùn ikọ́ fáwọn ìbejì nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ó ní òun ò ní mu ju ẹ̀kún rẹ̀ lọ.

"Ṣé ikọ́ ń ṣe ẹ́ ni?" Káfíńtà bi í.

"Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni, ọ̀rẹ́ mi."

"A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bó ò bá lé ejò, ejò ló ń lé ẹ. Èwo ni tìẹ níbẹ̀?"

"Ọkàn mi ni mò ń tọ́jú."

"Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ ẹ nìkan lo wá ń bá ṣọ̀rẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ ẹ̀rín Tíṣà ò dénú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pẹ́ dé sídìí tábìlì.

Nígbà tó yá, ọwọ́ Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti ayùn kì í ṣọ̀rẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ìlú tó jìn ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, kó wá sinmi. Káfíńtà ta ayùn, ó ta òòlù, ó ní ní Sátidé tó ń bọ̀, ọkọ̀ á wá gbé òun lọ́sàn-án, òun ò sì mọ̀ bóyá òun tún lè padà wá. Kò fẹ́ ayẹyẹ kankan. Ohun tó fẹ́ ò ju kó jókòó sídìí tábìlì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, kó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mu ife wáìnì kan.

"Ife gidi o," ló sọ. "Kì í ṣe tikọ́."

Tíṣà búra pé ife gidi ni. Kò parọ́, ó ti inú rẹ̀ wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Ìbejì bá a níbi tó ti ń so okùn bàtà.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré lónìí."

"Màá ti dé kí adìyẹ tó jinná. Èèyàn lè ṣe méjèèjì."

Ó lọ. Ẹgbẹ́ Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì pẹ́ kí wọ́n tó gbéra, nítorí ọ̀kan nínú wọn ń wá ìbọ̀sẹ̀ tó bá bàtà rẹ̀ mu. Àmọ́ Tíṣà ò gbà kí wọ́n gé ọ̀nà kúrú. Kìlómítà mẹ́wàá ló ti pinnu, aago ọwọ́ rẹ̀ tó ń ka ọ̀nà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aago yìí! Bí ìyàwó rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, á ní òun ti gbọ́. Bí aago bá dún, á dìde.

Ó yọ sí àdúgbò wọn, òógùn bò ó. Ìyá Ìbejì ti ní kí wọ́n gbé tábìlì jáde sí ojúde, kí àkókò lè tó. Káfíńtà jókòó tì í nínú aṣọ tó fi ń ròde, àpò rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìgò ti ṣí, ife gidi méjì ti kún. Awakọ̀ dúró ti ọkọ̀ rẹ̀. Bí Káfíńtà ṣe rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókèèrè, ó dìde, ó gbé ife méjèèjì sókè, wáìnì sì ń dà sí i lọ́wọ́ nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

Tíṣà wo aago. Kìlómítà ò tíì pé mẹ́wàá.

"Ó ku díẹ̀ kó pé!" ló pariwo, ó na ìka kan sókè, ó sì sá kọjá.

Kí wọ́n tó ṣe aago ọwọ́ sáyé làwọn àgbà ti ní orúkọ fún irú eré yìí. Wọ́n ń pè é ní eré àsápajúdé, eré ẹni tó sá títí tó fi sá kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Tíṣà yà ní kọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò bi òun bóyá ó pé tàbí kò pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń lọ. Ọkùnrin tó ń tẹ bíréèkì fún gbogbo ìlú ò rí tirẹ̀ tẹ̀. Aago dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá ìdọ̀tí kan. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ajá kan wò ó, ó sì gbójú kúrò.

Ìgbà náà ló rántí Káfíńtà. Ó yí padà, ó sì sáré bí ẹni tí ejò ń lé lóòótọ́.

Ọkọ̀ ti lọ. Ìyá Ìbejì nìkan ló jókòó sídìí tábìlì.

"Ṣé awakọ̀ yẹn ò lè dúró díẹ̀ ni?" Tíṣà béèrè, èémí rẹ̀ ń já.

"Awakọ̀ ní òun á dúró. Bọ̀dá Káfíńtà ló ní káwọn máa lọ."

Ife gidi méjèèjì wà lórí tábìlì, wọ́n ti gbẹ. Láàárín wọn ni ife oògùn ikọ́ wà, wáìnì kún inú rẹ̀ dọ́gba-dọ́gba, kò dà sílẹ̀ rárá. Tíṣà rò nípa ọwọ́ gbígbọ̀n tó rọ ọ́ sínú ife náà.

"Ìgò ńkọ́?"

"Ó gbé e lọ. Ó ní òun ti wọn tiyín sílẹ̀ fún yín."

Tíṣà gbé ife náà mu. Kò ju ohun tó lè fi tọ́ ọ wò lọ. Ó jókòó sórí àga Káfíńtà, ó ń sunkún lójú pópó, nínú ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan. Ìyá Ìbejì jẹ́ kó sun ún díẹ̀ kó tó kó àwọn ife jọ.

"Bàbá Ìbejì," ló wí, "ṣé ó wá pé?"

Tíṣà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó pé.