Mátẹ̀ẹ́ Jókòó sí Igun

Mátẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbi iṣẹ́, nítorí ohun tó ń pariwo látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn: "Má tẹ̀ ẹ́!" Iṣẹ́ táìlì ló ń ṣe. Èmi àbúrò rẹ̀, ọ̀dà ni mò ń kùn, nítorí náà inú ilé kan náà la sábà máa ń wà: èmi lára ògiri, òun lórí ìkúnlẹ̀.

Iṣẹ́ aránṣọ ni bàbá wa fẹ́ kó kọ́. Kò pẹ́ tó fi sá kúrò níbẹ̀, ó ní aṣọ ń gbó, ilẹ̀ kì í gbó. Bàbá bínú. "Ta ló máa fẹ́ ọ, pẹ̀lú orúnkún tó le bíi pákó?"

"Ẹni tó bá fẹ́ rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni, Bàbá."

Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, orúnkún náà sì ṣì le.

Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ó ṣe àṣìṣe kan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ táìlì máa ń ṣe: ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ ògiri tó jìnnà jù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kéèyàn lè máa fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ títí á fi jáde, torí pé táìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò kò ṣeé tẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ á yẹ̀, ilẹ̀ á bàjẹ́. Òun tò ó títí ó fi há sí igun. Àwọn ọkùnrin ibi iṣẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Fọ́mánù tó ń gbé iṣẹ́ fún wa, ọgbọ́n àrékérekè ló kún inú rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi bá tò, tí onílé bá dé, á ní àbúrò òun ló tò ó. Èékánná àbúrò yìí mọ́ ju ti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé lọ! Bí wọ́n bá bi fọ́mánù pé ta ni obìnrin yẹn, á ní, "Ó ń pọn omi fún wa ni." Inú á máa bí mi débi pé ọ̀dà á máa dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Ilé tí mò ń sọ yìí, pálọ̀ ni baba onílé ní kí wọ́n kọ́kọ́ tò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wù ú ló máa fún ní gbogbo ìyókù, àtòkè àtilẹ̀. Fọ́mánù wá bá ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Tó o bá ti tò ó tán, bọ́ sẹ́yìnkùlé. Àbúrò mi ló máa bá baba sọ̀rọ̀."

"Ó dáa, sà."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ní ó dáa?"

Ó ní kí n lọ kun ògiri mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí baba ń bọ̀, mo yọjú sí pálọ̀. Ó ti kó gbogbo táìlì àti sìmẹ́ńtì rẹ̀ sínú lọ́hùn-ún, ẹnu ọ̀nà ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ṣì í! Ibo lẹ máa gbà jáde?"

Ó gbé òòlù onírọ́bà rẹ̀, ó wò mí lójú. "Mo ní kó o lọ kun ògiri rẹ."

Ìgbà náà ló tó yé mi. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo lọ.

Kí fọ́mánù tó dé, igun tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí nìkan ló kù. Ó pariwo, "Jáde níbẹ̀!"

"Kí n gba ibo jáde, sà?"

Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni pálọ̀ ní, irin sì wà lójú gbogbo fèrèsé. Bó bá fà á jáde, ilẹ̀ bàjẹ́, iṣẹ́ sì lọ nìyẹn. Ó ṣì ń họ orí nígbà tí mọ́tò baba onílé wọlé.

Baba dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀ títí. "Iṣẹ́ rèé! Ta ló tò ó?"

"Èmi ni, sà," ni àbúrò fọ́mánù wí.

"Obìnrin tó wà ní igun yẹn ńkọ́?"

Fọ́mánù dáhùn kíá. "Ó ń pọn omi fún wa ni, sà."

Baba wo àbúrò fọ́mánù láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ tó tò ó, báwo lo ṣe wá jáde, tí apọnmi ò rí ọ̀nà jáde?"

Ara ọmọkùnrin náà ò balẹ̀ mọ́, ó gbẹ́sẹ̀ kó wọlé.

"Má tẹ̀ ẹ́!"

Gbogbo ilé mì. Baba onílé pàápàá sún sẹ́yìn.

"Èmi ni mo tò ó, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí láti igun rẹ̀.

"Báwo nìwọ náà ṣe máa jáde?"

"Mi ò jáde, sà, àfi tó bá gbẹ. Wọ́n ti lé mi kúrò lórí ilẹ̀ tí mo tò, ó ti tó. Tòní, ẹ bá mi lórí ẹ̀."

Baba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tó bá ti gbẹ, bọ́ sókè, kó o máa tò ó lọ. Ṣùgbọ́n lókè, jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ògiri ni kó o ti bẹ̀rẹ̀." Ó yíjú sí fọ́mánù. "Òùngbẹ á ti máa gbẹ ẹ́. Fún un lómi."

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Fọ́mánù fúnra rẹ̀ ló lọ pọn omi, ó na ife sí i láàárín irin fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi mu ún tán, ó na ife padà sí i.

"Ẹ pọn òmíràn wá, sà."